Ẹ Kó Àkísà Yín Jáde

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, nípa bí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe lè kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn òbí àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní gbọ̀ngàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí àwàdà méjì tí kò lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ti dorí kọ fóònù, ẹ̀yin náà ẹ kú ìjókòó. Mi ò ní sọ pé kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ yín yẹn náà kúkú ni mo bá wá.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Láti Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ kan ti há mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló ní kí n bá àwọn to orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè máa tẹ orúkọ ẹni kí iye tó ti dá sì yọ jáde. Àwọn orúkọ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń sọ pé òun kò rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí. Ẹ yí ojú ìwé lọ sísàlẹ̀, orúkọ náà rèé gbọnrangandan. Aago méjì òru àná ni mo sùn lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sápá kan ná.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èébú la sábà máa ń fi òwe náà bú ọmọdé. Bí ọmọ bá ń fẹnu lọ, a ó sọ ọ́ sí i lójú kó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí pé: àkísà ọ̀hún dà? Ta ló ti rí i rí? Aṣọ yín là ń rí. Àgbádá là ń rí lóde. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá rí iṣẹ́ tuntun gbà á gbé e sórí LinkedIn, ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí á ya fọ́tò rẹ̀, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Lónìí, mo pa iṣẹ́ oníbàárà mi rẹ́, ara mi ń gbọ̀n." Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́ lára wa gan-an wà nínú ọjọ́ tí ara ń gbọ̀n yẹn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Télọ̀ ni ìyá mi, ìdí máṣíìnì rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ kò ní fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Á gbá ṣọ́ọ̀bù, á da èédú sínú áyọ́ọ̀nù, á máa yọ òwú, á máa gán bọ́tìnnì. Àwọn kan máa ń sọ pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ, ibòmíì sì wà tí ìyà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń lọ lábẹ́ rẹ̀: ọmọ náà jókòó síbi tí ọ̀gá ti ń gé aṣọ. Lọ́jọ́ tí ìyá mi bá gé apá òsì méjì mọ́ bùbá kan, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń rí i. Wọ́n á rí bó ṣe máa mí kanlẹ̀, bó ṣe máa tẹ́ ègé aṣọ tó ṣẹ́kù sílẹ̀ tí á máa wò ó, bó ṣe máa wá ibi tí á ti lẹ̀ ẹ́ tí kò ní hàn, àti ohùn tó máa fi bá aláṣọ sọ̀rọ̀ bó bá dé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní bí a ṣe ń bẹ oníbàárà. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣe fìrídọ́ọ̀mù, tí a ó gbé sísọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́ tí a ó gbàdúrà, wọ́n ti bá ọ̀gá ba aṣọ jẹ́ tó ogún, wọ́n sì ti bá a tún un ṣe.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ojú ẹ̀rọ kọ sí. Ọmọ kan wà nínú yàrá rẹ̀ ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílùú yìí, báyìí, ó ki nǹkan bọ etí, ó ń wo olùkọ́ kan lórí YouTube. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí olùkọ́ yẹn ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, nítorí pé ibi tó ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n ti gé e kúrò nínú fídíò. Ọmọ wa tẹ̀ ẹ́ bí olùkọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́, tirẹ̀ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Kí ló máa rò? Á rò pé olódo ni òun. Ọ̀pọ̀ tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kò fi í sílẹ̀ nítorí pé ó le. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ló le fún.

Àkísà tèmi rèé. Ọdún 2004, mo wà nílé, mo ń retí èsì JAMB, mo lọ ń bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà rẹ̀ ní Under-G. Projẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì là ń bá wọn tẹ̀. Ti ọmọkùnrin kan jẹ́ ojú ìwé 74, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́, inú dísíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo sì fi í pamọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, dísíkẹ́ẹ̀tì ni pátákó pẹlẹbẹ tí ẹ máa ń rí àwòrán rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń tẹ "save". Mẹ́gábáìtì 1.44 ni gbogbo ohun tó lè gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù yín kò ní wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ sílé lálẹ́, mo gbé e lé orí spíkà rédíò. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú spíkà. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ fi ń kọ nǹkan sára dísíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń pa á rẹ́. Mi ò mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọnú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ní kò sí ohun tí òun lè kà níbẹ̀.

Mo rò pé ọ̀gá á gbá mi létí. Ó fa dúróà tábìlì rẹ̀, ó mú àpò ọ̀rá dúdú kan jáde. Dísíkẹ́ẹ̀tì méje ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ti bàjẹ́. Ó ti kọ orúkọ oníbàárà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ déètì, ó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Èyí, òjò jò sí i. Èyí, NEPA múná lọ nígbà tó ń kọ lọ́wọ́. Èyí, "èmi ni mo jókòó lé e." Ó ní, "Fi tìẹ kún un." Lẹ́yìn náà ló tan jẹnẹrétọ̀, ó jókòó sí ẹ̀rọ kan, mo jókòó sí ìkejì, a pín ojú ìwé 74 sí méjì, a tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Láti ọjọ́ náà, ohun tí n kò bá tíì fi sí ibi mẹ́ta, mi ò kà á sí ohun tí mo ní.

Àpò ọ̀rá dúdú yẹn ni mo wá fi hàn yín lónìí. Mo ní tèmi báyìí, inú kọ̀ǹpútà ló wà, fáìlì kan ni. Gbogbo àṣìṣe tí mo ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, bí mo ṣe rí i, ohun tó ná ẹni tó ni iṣẹ́. Ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi, fáìlì yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń fún un kà.

Ẹ má rò pé àṣà ìgbèríko ni mo fẹ́ kó wọ inú iṣẹ́ òyìnbó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, níbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, fẹ́ pa nǹkan rẹ́ lórí ẹ̀rọ kan. Ilẹ̀ ti ṣú, ó ti rẹ̀ ẹ́, orí ẹ̀rọ míì ló ti tẹ àṣẹ náà, èyí tí gbogbo ayé ń lò lọ́wọ́. Kó tó fi dá a dúró, nǹkan bíi gígábáìtì 300 ti lọ. Wọ́n ní ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà pamọ́. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ṣèèṣì mú ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà wá ṣe ló wù mí: wọ́n ṣí i sílẹ̀ fáyé wò. Wọ́n ń gbé àtúnṣe náà jáde lórí YouTube bó ṣe ń lọ, wọ́n kọ gbogbo ohun tó wọ́ síta, wọn kò sì dárúkọ òṣìṣẹ́ náà láti fi í gba èébú. Títí dòní, a ṣì ń kọ́ ọgbọ́n lára àkísà yẹn.

Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ń wá mẹ́ńtọ̀, ẹni tí á máa tọ́ yín sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tí kò bá tiẹ̀ dáa, ènìyàn mẹ́rin á kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ mẹ́ńtọ̀ mi." Kí ni mo fẹ́ fèsì? Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá dá mi dúró lójú títì pé kí n jẹ́ ìyá òun. Mi ò mọ ohun tí ọmọ yìí ń ṣe, mi ò mọ ibi tó dé. Ẹni tó bá lọ bá mẹkáníìkì tó ní "mọ́tò mi ò dáa" tó sì dákẹ́, mẹkáníìkì á máa wò ó ni. Àmọ́ ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi lọ́dún tó kọjá, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ń ṣe fọ́ọ̀mù kan tó yẹ kó fi orúkọ pamọ́. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, ojú ìwé á funfun. Ohun tí ẹ̀rọ kọ rèé. Mo ti yí èyí padà, mo ti yí tọ̀hún padà, kò gbọ́." Inú ọkọ̀ ni mo wà, láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, (ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kò sóhun tí èèyàn ò lè parí nínú ọkọ̀ kó tó délé), mo dá a lóhùn kí a tó jáde nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí a há sí. Kò pè mí ní mẹ́ńtọ̀ rí. Ọdún kan rèé tí a ti ń bá a bọ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè ti dé, láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, kí la fẹ́ fi àgbà ṣe? Èmi náà ń lò ó. Ó mọ nǹkan. Bó bá ṣì yín lọ́nà tí ẹ sì bá a wí, á tọrọ àforíjì wẹ́rẹ́, àmọ́ ìtìjú kò mú un rí. Kò tíì jókòó níwájú oníbàárà tí owó rẹ̀ sọnù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ pé àwọn òbí fẹ́ kí n fò. Mi ò ní fò ó. Nílùú yìí, ọmọkùnrin tó bá gbé laptop sẹ́yìn, àwọn ọlọ́pàá á kọ́kọ́ dá a dúró kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó ń fi í ṣe. A mọ ìdí rẹ̀. EFCC ti mú àwọn tó dá ilé sílẹ̀ láti máa kọ́ ọmọ ní yahoo, ilé tó jẹ́ pé ẹnì kan ni ọ̀gá, tí àwọn ọmọ ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, inú bí mi, àmọ́ ẹnu tún yà mí. Wọ́n fún ọmọ ní ibi tí á sùn. Wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ, dátà, àti iná tí kì í kú. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n jókòó ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ojú ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ìkọ́ṣẹ́ tiwa gan-an ni! Olè ni wọ́n, wọ́n sì jí i kó lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwa tí iṣẹ́ tiwa mọ́, àpérò la ń pè, bí irú èyí, a ó sọ̀rọ̀, a ó jẹ jollof, kálukú á lọ.

Ìjọba náà ń gbìyànjú. Ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní 3MTT láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀kọ́ á dé ọ̀dọ̀ ọmọ lóòótọ́. Ta ni á jókòó tì í? SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, ti wà láti ọdún 1973 nítorí ìjókòó-tì yìí gan-an, oṣù mẹ́fà ni ọmọ yunifásítì máa ń lò nínú rẹ̀. Kí la sì ń fi wọ́n ṣe? A ń rán wọn lọ ṣe fotokópì. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti rán ọmọ SIWES lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà rí, lójoojúmọ́, fún odindi oṣù méjì, mo sì bu ọwọ́ lu ìwé rẹ̀ pé ó kọ́ṣẹ́. Ìyẹn náà wà nínú fáìlì mi.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ á ka fáìlì àkísà. Lẹ́yìn ìyẹn, á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi á máa sọ ohun tí mo ń rò jáde lẹ́nu bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, títí kan "mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí o." Ó nira ju bí ẹ ṣe rò lọ, ìgbéraga kì í jẹ́ kí ẹnu sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó kọ́ Git, ètò kọ̀ǹpútà kan. Linus Torvalds ló ṣe é lọ́dún 2005, ó sì máa ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tó wọnú iṣẹ́, ta ló ṣe é, ìgbà wo, àti pé a lè padà sí bó ṣe wà lánàá. Ìgbà tí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n lò ni mo tó máa ń ní kó máa ba nǹkan jẹ́. Télọ̀ kò ní irú àǹfààní yẹn. Aṣọ tí a bá ti gé, a ti gé e nìyẹn.

Kí gbogbo yín má rò pé kóòdù kíkọ nìkan ni iṣẹ́. Ẹni tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ wà, ẹni tó ń dán iṣẹ́ wò kó tó jáde wà, ẹni tó ń ṣọ́ ààbò, ẹni tó ń kọ ìwé bí a ṣe ń lò ó. Ẹ wá èyí tó bá yín lára mu.

Èyí tó wá kù ni ohun tí mo rí i pé ọ̀dọ́ kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé oúnjẹ dé ẹnu: onígbọ̀wọ́. Olùkọ́ yàtọ̀ sí onígbọ̀wọ́. Olùkọ́ ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Onígbọ̀wọ́ ń dárúkọ rẹ níbi tí o kò sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó mọ èyí ju ibikíbi lọ. Àwọn bàbá wa tó lọ ná ọjà ní Gánà, ní Kumasi, ní Tamale, ẹni tó ti débẹ̀ ṣáájú ló ń gba ọmọ ilé mọ́ra. Bàbá mi àgbà ní ọdún mẹ́rin ni òun fi kiri ọjà fún ẹlòmíì kí ẹni náà tó mú òun lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà lódindi, tó sì wí fún wọn pé, "Bí ọmọ yìí bá jẹ yín ní gbèsè, ẹ bi mí." Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Ọ̀pọ̀ fi ọjà sílẹ̀ síbẹ̀. Bàbá àgbà ní àpótí kan ni òun gbé délé, àmọ́ àwọn tó mọ orúkọ òun wà ní Jọ́ọ̀sì àti Kánò, ọ̀dọ̀ wọn lòun sì ti bẹ̀rẹ̀ padà.

Oníbàárà tó wà ní Jámánì tàbí Kánádà kò mọ̀ ẹ́. Ẹnì kan tó ti rí ọ níbi tí o ti ń ṣàtúnṣe ohun tí o bàjẹ́ ló lè sọ pé, "Ẹ gbé e fún un." Mo ní kí ẹ ṣàkíyèsí: níbi tí o ti ń ṣàtúnṣe. Kò sẹ́ni tó lè dúró fún ẹni tí kò rí ọjọ́ burúkú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọbìnrin, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Èmi náà lè rò ó. Ojú ọ̀sán ni kí wọ́n máa pàdé, níbi tí èrò wà, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kí ọmọ tó wà níbẹ̀ ju méjì lọ. Ọ̀gá tó bá ní àfi yàrá òun, àfi alẹ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ kíá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí iṣẹ́ tó há mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ wo lẹ́tà "ọ́" yìí, tó ní àmì lókè àti lábẹ́. Lójú wa, ohun kan ni. Fún kọ̀ǹpútà, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí a lè gbà tẹ̀ ẹ́: ẹnì kan á tẹ "ọ" kó tó fi àmì òkè lé e, ẹnì kan á tẹ "ó" kó tó fi ti abẹ́ sí i, ẹnì kan á tẹ "o" lásán kó tó fi àmì méjèèjì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kò lè dá wọn mọ̀. Ẹ̀rọ ní ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Bọ́lá kan ṣe di Bọ́lá méjì, tí owó rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Unicode, ètò tí gbogbo ayé fi ń kọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, ní ìlànà tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, mo ti lò ó, ó sì tún ọ̀pọ̀ nínú orúkọ náà ṣe. Àmọ́ orúkọ mọ́kànlá kọ̀ jálẹ̀. Mo ti wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Ẹ̀yin bàbá iwájú wọ̀nyí, ẹ bá mi sún díẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn lè bọ́ síwájú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná mẹ́rin ló wà lára ògiri ọwọ́ òsì, epo inú jẹnẹrétọ̀ á gbé wa dé aago mẹ́rin. Ẹ bá mi pa gílóòbù tó wà lókè yẹn, kí ojú kọ̀ǹpútà mi lè hàn lára ògiri. Orúkọ àkọ́kọ́ rèé. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ńlá, kí a lè rí àmì abẹ́ rẹ̀ dáadáa.